Ẹ̀yin abiyamọ Ìlọrin, ta ló ti kúrò lórí pámpáàsì bọ́ sórí ìlédìí aláṣọ?

Ìyá Ìkókó Táńkẹ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá wa. Ọmọ mi ọkùnrin yóò pé oṣù méjì lọ́sẹ̀ yìí, àkọ́bí wa ni. Olùkọ́ ni èmi àti ọkọ mi, kò sì sí ohun tó ń jẹ owó wa báyìí tó pámpáàsì. Bí mo bá rà á lónìí, kí n tó ṣẹ́jú méjì, ó ti tán. Mo ti ń rí àwọn ìlédìí aláràbarà tí wọ́n ń tà lórí fóònù, àwọn tó ní bọ́tìnnì níwájú. Ìyá ọkọ mi tó wà ní Ọ̀fà ní kí n má wulẹ̀ ra ìyẹn, pé kí n gé ìró tó ti gbó, pé òun ni wọ́n fi tọ́ ọkọ mi dàgbà.

Ta ló ń lò ó lóòótọ́ nínú yín? Ẹni tó ń lò ó ni mo ń wá o, kì í ṣe ẹni tó ń tà á. Báwo ló ṣe ń gba omi tó? Kànga la ní, ó sì máa ń fà bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú. Màá padà sẹ́nu iṣẹ́ láìpẹ́, kí ni màá sọ fún àwọn tí yóò máa bá mi mú ọmọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi bí ẹ ó ṣe là á yé àbúrò yín.

Ìyá Ìbejì Adéwọlé

Ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ọwọ́ lómi. Ọlọ́run yóò wò ó, yóò dá a sí.

Èmi ń lò ó, n kò sì ta nǹkan kan. Ìbejì ni mo bí, ẹ sì mọ ohun tí pámpáàsì ọmọ méjì yóò máa jẹ lóṣù. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ oríṣi tó wà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń náwó sí ohun tí kò ní wúlò fún wọn. Èyí tó rọrùn jù lówó ni aṣọ òwú onígun mẹ́rin, tí àwọn ìyá wa ń pè ní nápúkìn. Ẹ ó ká a, ẹ ó fi píìnì mú un, ẹ ó wá wọ pátá tí omi kì í là kọjá lé e. Èyí tí ẹ ń rí lórí fóònù ni alápò. Ìta rẹ̀ jẹ́ aṣọ tí wọ́n fi ike fẹ́lẹ́ tẹ́ lẹ́yìn, PUL ni wọ́n ń pè é. Inú rẹ̀ rọ̀, ó sì ní ẹnu kan lẹ́yìn tí ẹ ó ti máa ki insert, ìyẹn aṣọ gbọọrọ tó nípọn, bọ̀ ọ́. Insert yẹn ló ń mu ìtọ̀. Bọ́tìnnì iwájú wà kí ẹ lè máa tú u sílẹ̀ bí ọmọ bá ṣe ń tóbi, títí yóò fi máa rìn. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n rán insert mọ́ ara rẹ̀ pátápátá. Ó dùn ún wọ̀, àmọ́ kì í tètè gbẹ. Lásìkò òjò ní Ìlọrin, n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó rà á.

Ti iye: ọmọ tuntun máa ń lo bíi mẹ́wàá sí méjìlá lójúmọ́. Bó bá dàgbà díẹ̀, ó lè wálẹ̀ sí mẹ́fà tàbí mẹ́jọ. Bí ẹ bá fẹ́ máa fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ méjì-méjì, ẹ ó nílò ogún sí mẹ́rìnlélógún. Bó bá jẹ́ ojoojúmọ́ ni, ẹ lè fi nǹkan bíi méjìlá sí mẹ́rìnlá bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá fúnra yín ṣírò rẹ̀: mẹ́wàá lójúmọ́ jẹ́ 300 lóṣù. Ẹ fi iye tí ẹyọ pámpáàsì kan ń bọ́ sí lọ́wọ́ yín sọ ọ́ di ìlọ́po 300, kí ẹ wo iye oṣù tí owó yẹn yóò fi pé láti ra ogún aláṣọ. Ẹ má yọ owó ọṣẹ àti owó omi kúrò nínú ìṣirò o.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Ọ̀fà

Mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ owó yẹn, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ń dúró kí pámpáàsì padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀. Òwú igi àti ìyẹ̀fun tó ń wú bó bá ti mu omi, tí wọ́n fi ń ṣe inú rẹ̀, òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó gbóná, nǹkan bíi náírà 460 ni dọ́là kan ní báǹkì. Nígbà tí 2024 fi máa wọ oṣù kejì, ó ti kọjá 1,400. Ní ìparí 2023, P&G tó ni Pampers kéde pé àwọn kò ní máa ṣe ọjà lórílẹ̀-èdè wa mọ́, pé kíkó wọlé ni wọn yóò máa kó o. Kimberly-Clark tó ni Huggies ṣí ilé iṣẹ́ ńlá sí Ìkòròdú ní 2022, ní 2024 àwọn náà kéde pé àwọn ń palẹ̀ mọ́. Ibi tí owó ọjà ti ń wá nìyẹn. Kò sí lọ́wọ́ ìyá tó ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Ohun kejì, ìyá ìkókó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi èyí han ọkọ yín. Àwa la ń fọ ìlédìí nílé mi, èmi àti ìyàwó mi. Èmi ní àárọ̀ kí n tó jáde, òun ní ọ̀sán bí ó bá ráyè. Ilé tó bá jẹ́ obìnrin nìkan ló ń fọ̀ ọ́, tó tún ń fún ọmọ lọ́mú lóru, tó tún ń dáná, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń padà sórí pámpáàsì. Ẹ̀bi obìnrin náà kọ́. Kí ẹ tó ra ẹyọ kan, ẹ jókòó kí ẹ yanjú ta ni yóò máa fọ̀ ọ́, nígbà wo. Bí ẹ kò bá rí ìyẹn yanjú, ẹ má rà á.

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán

Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo yín, àmọ́ ẹ má tan ọmọ ọlọ́mọ. Àdúgbò tí mo ń gbé ní Ìlọrin, ọwọ́ mẹ́rúwà la ti ń ra omi. Ìlédìí ọjọ́ kan ṣoṣo: ẹ ó kọ́kọ́ ṣan ìtọ̀ àti ìgbẹ́ kúrò, ẹ ó fọ̀ ọ́ lọ́ṣẹ, ẹ ó ṣan án lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, torí ọṣẹ tó bá kù sínú rẹ̀ yóò bó ọmọ nídìí. Kò dín ní korobá mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ọgbọ̀n ọjọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, bí òjò bá rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nínú oṣù kẹsàn-án, níbo ni yóò ti gbẹ? Ẹ ó fi aṣọ tútù sí ọmọ nídìí?

N kò sọ pé kò dára. Mo ní kí ẹni tí kò ní omi nílé má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú òun lérò pé òun ń fi owó ṣòfò torí pé ó ń ra pámpáàsì.

Ìyá Ìbejì Adéwọlé

Òótọ́ lẹ sọ nípa omi, n kò ní jiyàn. Bí omi bá jẹ́ rírà, kí èèyàn ṣírò rẹ̀ dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀. Ohun kan wà tó ń dín in kù: omi ìṣanwẹ́yìn tòní, tó ti mọ́ tán, ẹ má dà á nù. Ẹ fi í pa mọ́ sínú korobá kan fún àkọ́kọ́ ṣíṣàn tọ̀la, ibi tí ẹ ti fẹ́ yọ ìtọ̀. Korobá kan á ti kúrò níbẹ̀. Lásìkò òjò ẹ̀wẹ̀, omi orí páànù pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, gbígbẹ ló ń dààmú wa nígbà náà. Nápúkìn onígun mẹ́rin ló ń gbà wá, torí bí ẹ bá tẹ́ ẹ, ìpele kan ṣoṣo ni. Insert tó nípọn yóò dùbúlẹ̀ lórí okùn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, nápúkìn á ti gbẹ nínú ilé lábẹ́ fáànù. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí ẹ má ra alápò nìkan. Ẹ ní oríṣi méjèèjì nílé.

Bí òjò bá wá mú ọ̀sẹ̀ kan odindi, ẹ ra pámpáàsì díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ náà. Kò sí ẹni tó búra fún.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí

Ẹ ṣeun tí ẹ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn abiyamọ ni mo ń ṣiṣẹ́, àwọn nǹkan kan sì wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí gbọ́, pàápàá ẹni tí ìyá ọkọ rẹ̀ fẹ́ fún ní aṣọ àtijọ́.

Àkọ́kọ́ ni káńfọ̀, ẹyin funfun tí a máa ń jù sínú àpótí aṣọ. Ìlédìí tàbí aṣọ ọmọ èyíkéyìí tó bá ti wà pẹ̀lú káńfọ̀, ẹ má gbé e wọ ọmọ tuntun. Ọ̀pọ̀ ọmọ nílẹ̀ wa, àwọn ọkùnrin ni wọ́n pọ̀ jù, kò ní èròjà kan tó ń jẹ́ G6PD tó pọ̀ tó lára, òun ló sì ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn káńfọ̀ símú, tàbí tó bá ń wọ ara rẹ̀ láti inú aṣọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ibà pọ́njú ni yóò tẹ̀ lé e, ojú ọmọ á pọ́n, ara rẹ̀ á pọ́n. Bó bá pọ̀ débi tó wọ ọpọlọ, ó lè di ọmọ létí, ó lè sọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ di aláìṣiṣẹ́, ó sì ń pa ọmọ. Mo ti rí i, n kò fẹ́ rí i mọ́.

Èkejì ni eṣinṣin kan tó máa ń yé ẹyin sára aṣọ tí kò tíì gbẹ, pàápàá èyí tí wọ́n sá sábẹ́ igi, sórí koríko tàbí sórí yanrìn. Ẹyin yẹn kò ṣeé fi ojú rí dáadáa. Bí aṣọ bá kan ara ọmọ, ìdin á wọ awọ, á wú bí eéwo, ẹ ó sì rí ihò kékeré kan lójú rẹ̀ tó ń ṣe omi. Àyọ́ọ̀nù gbígbóná ló ń pa ẹyin náà. Nítorí náà gbogbo nápúkìn òwú, ẹ lọ̀ ọ́, ojú méjèèjì, títí dé ibi ìṣẹ́tí. PUL kò ṣeé lọ̀, ike ni, yóò yọ́. Ẹ sá ìyẹn sínú oòrùn gangan lórí okùn, kí ẹ tètè kó o wọlé, tàbí kí ẹ sá a sínú ilé lẹ́yìn fèrèsé tó ní nẹ́ẹ̀tì.

Ti ìdí tó ń bó: ẹ yí i padà ní wákàtí méjì sí mẹ́ta, bó bá sì ti ṣu, lójú ẹsẹ̀ ni. Aṣọ kò lè fa omi kúrò lára bíi pámpáàsì, ìyẹn ni kí ẹ má fi ọmọ sínú rẹ̀ pẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìdí rẹ̀ máa rí afẹ́fẹ́ lójoojúmọ́, pàápàá nínú ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin. Bí ẹ bá rí i tó pọ́n fòò, tó ní èso wẹ́wẹ́ yí ká, tó wọ inú ìṣẹ́po itan, tó sì kọjá ọjọ́ mẹ́ta, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Irú èyí sábà máa ń jẹ́ ìbátan èfu tó ń mú ọmọ lẹ́nu, oògùn tirẹ̀ sì wà. Ẹ má ra ìpara onísítẹ́rọ́ìdì fúnra yín fún ìdí ọmọ.

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán

Ẹ jọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, ti káńfọ̀ yìí. Káńfọ̀ ni ìyá wa fi kó aṣọ gbogbo wa, kò sì ṣe ẹnì kankan nínú wa.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí

Mo gbà yín gbọ́. Ọmọ tí G6PD rẹ̀ bá pé, káńfọ̀ lè máà ṣe é ní nǹkan kan. Àmọ́ kò sí àmì rẹ̀ lójú ọmọ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi í hàn, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò sì ní ṣe é. Àwa kò mọ ọmọ tó jẹ́, ni a ṣe ń sọ fún gbogbo ìyá. Ìlédìí tí ẹ ń fọ̀ tí ẹ sì ń lò lójoojúmọ́ kò nílò káńfọ̀ rárá, kòkòrò wo ló fẹ́ ráyè jẹ ẹ́? Bí ìyá àgbà bá ti kó aṣọ jáde láti inú àpótí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, àmọ́ ẹ má gbé e sún mọ́ ọmọ nígbà tó ṣì kéré yìí. Gé ìró mìíràn tí káńfọ̀ kò kàn rí.

Ìyá Òkè-Lélé

Àsàláámù àlékùmù. Ọ̀rọ̀ ìrun ni tèmi. Láti ìgbà tí mo ti bí, ẹ̀rù ìtọ̀ ń bà mí ju ohun gbogbo lọ. Pámpáàsì kì í sábà jò, aláṣọ ńkọ́? Ṣé kì í ṣe pé màá máa pààrọ̀ aṣọ ní gbogbo wákàtí ìrun?

Ìyá Ìbejì Adéwọlé

Wà àlékùmù sàláámù, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi náà béèrè lọ́wọ́ Alfa wa. Nínú ìlànà Imam Malik tí a ń tẹ̀ lé nílùú wa, ìtọ̀ ọmọ jòjòló, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, fífọ̀ ni. Àmọ́ wọ́n ṣàánú abiyamọ tó ń sapá láti yẹra fún un, wọn kò di ẹrù tó ju agbára lọ lé e lórí. Wọ́n sì gbà á níyànjú pé kó ní aṣọ kan lọ́tọ̀ fún ìrun. Ohun tí mo ń ṣe nìyẹn: ìró kan àti hìjáábù kan wà lórí ìkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, n kì í fi wọ́n gbé ọmọ. Bí ó bá kù díẹ̀ kí wọ́n pèrun, màá ti yí ìlédìí àwọn ìbejì padà, màá ṣe àlùwàlá, màá wọ aṣọ ìrun. Ẹ tún bi Alfa tiyín fún ìdánilójú.

Bí ẹ bá sì rí i pé ó ń jò, ìdí máa ń wà níbẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ìgbà tí ẹ bá pọn ọmọ ló ń jò. Ọ̀pọ̀ insert tó ń bá alápò wá ni wọ́n fi microfibre ṣe, ìyẹn aṣọ tí wọ́n fi fọ́nrán ike wẹ́wẹ́ hun. Ó máa ń tètè mu omi, àmọ́ bí nǹkan bá fún un, yóò tú u jáde. Ọmọ tó wà lẹ́yìn yín, tí ẹ fi ọ̀já gbà á ní ìdí, ẹ ti fún un nìyẹn. Insert òwú tàbí ti ọparun kì í tètè ṣe bẹ́ẹ̀. Microfibre yẹn kan náà, ẹ má jẹ́ kó kan ara ọmọ tààrà, torí ó máa ń fa gbogbo omi ara awọ. Inú àpò ni kó máa wà.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Ọ̀fà

Ẹ bá wa sọ ti òrí, Ìyá Ìbejì. Ìyàwó mi àti ìyá mi ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́ lórí rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Adéwọlé

Òrí! Èyí ṣe pàtàkì fún àwa ará Kwara, torí kò sí ilé tí kò sí. Láti apá Kaiama àti Baruten ni wọ́n ti ń kó o wá bá wa, a sì ń fi pa ọmọ lára tàrọ̀ talẹ́. Kò sí ohun tó ṣe òrí. Aṣọ ni kò bá a mu. Ọ̀rá rẹ̀ máa ń bo òwú insert, omi kò ní ráyè wọlé mọ́. Bákan náà ni ti fasilíìnì àti àdín.

Ẹ dán an wò: ẹ mú insert tó ti gbẹ, ẹ fi ìka kán omi sí i lójú. Bí omi bá wọlé lọ́gán, kò sí wàhálà. Bó bá dúró róbótó lórí aṣọ, tó ń yí kiri bó ṣe ń yí lórí ewé kókò, ọ̀rá ti dí i. Gbogbo ìtọ̀ ọmọ ni yóò máa gba ẹ̀gbẹ́ itan jáde, ẹ ó sì máa sọ pé ìlédìí náà ni kò dára. Ẹ bu omi gbígbóná tí ọwọ́ lè gbà, ẹ da ọṣẹ ìfọṣọ sí i dáadáa, ẹ fi ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ fún un, ẹ tún fún un, títí omi yóò fi dúdú. Ẹ wá ṣan án títí tí ìfófòó kò ní sí mọ́. N kì í lo ọṣẹ dúdú fún insert, òróró wà nínú rẹ̀. Oje tó ń mú kí aṣọ rọ̀ kó sì máa ta sánsán, ẹ má fi kan ìlédìí láéláé, ohun kan náà ló ń ṣe.

Kí ẹ lè máa pa òrí lọ, ẹ wá síńgílẹ́ẹ̀tì òwú nínú òkìríkà, ẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ máa tẹ́ ẹyọ kan sórí ìlédìí kí ẹ tó wọ̀ ọ́ fún ọmọ. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni òrí yóò mọ sí. Ọjọ́ tí ọmọ bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ògì àti ẹ̀wà, ẹ ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí ìgbẹ́ yóò le, ẹ ó kàn gbé aṣọ náà lọ gbọn ọ́n sínú ṣáláńgá.

Ìyá Àgbà Ìgbàjà

Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ẹ kú ìmọ̀ràn gbogbo yín. Mo ka ohun tí ìyá ọkọ ọmọ yìí wí, òótọ́ ló sọ. Ìró tó ti gbó dáadáa, tó ti rọ̀, kò sí ohun tó ń pa ọmọ lára nínú rẹ̀. Àmọ́ ohun kan wà tí a máa ń ṣe tí n kò rí kí ẹnikẹ́ni dárúkọ. A kì í dúró kí ọmọ ṣu sára aṣọ.

Bí ọmọ bá jí láàárọ̀ tó mu ọmú tán, jókòó sórí àpótí, na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ láàrin ara wọn. Gbé ọmọ ka orí ọrùn ẹsẹ̀, kó kọjú sí ọ, kí ìdí rẹ̀ bọ́ sí àlàfo yẹn, fi ọwọ́ méjèèjì mú un lábẹ́ abíyá. Tẹ́ àkísà sílẹ̀ tàbí kí o gbé póò síbẹ̀. Máa pe ìtọ̀ fún un, ṣìì, ṣìì. Ẹ̀rìn á pa ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bó bá ti mọ́ ọn lára, ṣe ni yóò máa dúró dè ọ́. Èyí tó jáde síbẹ̀, o kò ní fọ̀ ọ́ lára ìlédìí. Kí ọrùn ọmọ ti le díẹ̀ ni o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí o gbé e sẹ́yìn, kó fara ti àyà rẹ.

Sọ fún ìyá ọkọ rẹ kó wá fi hàn ọ́. Yóò dùn mọ́ ọn nínú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àyíká, Ìlọrin

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ìdọ̀tí. Mo ti rí pámpáàsì tí ajá fà ya lójú gọ́tà, mo ti rí i nínú odò Àṣà. Ìgbẹ́ ọmọ ní kòkòrò àìsàn bíi ti àgbà, ẹ lo èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ da ìgbẹ́ inú rẹ̀ sí ṣáláńgá. Omi ìgbẹ́ tí ẹ fi ṣan ìlédìí náà, ṣáláńgá ni, kì í ṣe ojú gọ́tà.

Ní ti pé aláṣọ sàn fún àyíká, ó dúró lórí bí a ṣe ń fọ̀ ọ́. Ní 2008, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìṣirò èéfín tí ìlédìí ọmọ kan ń fà fún ọdún méjì àbọ̀: pámpáàsì jẹ́ nǹkan bíi 550 kílò, aláṣọ 570. Omi gbígbóná àti ẹ̀rọ ìgbẹṣọ ló gbé ti aláṣọ ga lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní bí èèyàn bá sá a sóòrùn, tó sì fi àlòkù fún ọmọ kejì, yóò wálẹ̀ gan-an. Àwa tí a ń fi ọwọ́ fọ̀, tí a ń sá a sóòrùn, tí àbúrò sì ń jogún ti ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yìn wa ni ìṣirò náà wà.

Ìyá Ìkókó Táńkẹ̀

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sókè fún ọkọ mi. A ti fi ẹnu kò pé òun ni yóò máa fọ ti òru kó tó lọ síléèwé, èmi ni yóò fọ ti ọ̀sán. Àwọn tí yóò máa bá wa mú ọmọ ní krẹ́ẹ̀ṣì ni kò fẹ́ gbọ́ ọ. Wọ́n ní àwọn kò lè máa fọwọ́ kan aṣọ ìgbẹ́. Kí ni kí n ṣe? Ẹ tún bá mi sọ: ṣé télọ̀ lásán lè rán insert?

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Ọ̀fà

Ẹ má bá wọn jà. Alápò ni kí ẹ máa kó lọ, kí insert ti wà nínú rẹ̀ láti ilé. Ẹ wọ ọ́ lójú wọn lẹ́ẹ̀kan, wọn yóò rí i pé bí wọ́n ṣe ń wọ pámpáàsì náà ni. Ẹ fún wọn ní báàgì oníke tó ní síìpù, kí wọ́n kàn jù ú sí i láìfọ̀. Bí ẹ bá délé, ẹ má jẹ́ kó sùn síbẹ̀, òórùn ìtọ̀ tó bá pẹ́ nínú báàgì kì í lọ bọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ṣì kọ̀, ẹ lo pámpáàsì ní krẹ́ẹ̀ṣì, aláṣọ nílé, lálẹ́ àti lópin ọ̀sẹ̀. Bí a ṣe ṣe ti àkọ́bí wa nìyẹn, owó tó kù lọ́wọ́ wa sì hàn.

Ìyá Ìbejì Adéwọlé

Télọ̀ èyíkéyìí tó lè rán ìrọ̀rí lè rán insert. Ẹ ra fulánẹ́ẹ̀lì òwú tàbí kí ẹ wá bẹ́díṣíìtì fulánẹ́ẹ̀lì nínú òkìríkà, ẹ bó o lómi gbígbóná. Ẹ mú insert tó bá alápò wá fún télọ̀ kó fi wọn gígùn àti fífẹ̀. Ìpele mẹ́fà sí mẹ́jọ tó fún ọ̀sán, ti òru kí ẹ fi méjì pọ̀. Kó má fi fọ́ọ̀mù sí i o, àwọn kan máa ń dámọ̀ràn rẹ̀. Tí wọ́n bá ti rán an tán, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ sá a bíi ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún kí ẹ tó lò ó, torí òwú tuntun ní epo tirẹ̀, kì í mu omi dáadáa níbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má ra ogún lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ra alápò mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ gé nápúkìn méjìlá kún un, kí ẹ lò ó ní ọ̀sán nìkan ná. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé tí ọkọ yín wà nílé. Bí ẹ bá ń bọ̀ ní apá Adéwọlé, ẹ kọ̀wé sí mi níbí, màá fún yín ní méjì tí àwọn ìbejì ti kéré sí, ẹ fi dán an wò kí ẹ tó náwó.

Ìyá Ìkókó Táńkẹ̀

Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ bí Ọlọ́run bá fẹ́. Màá gbé ọmọ wá, kí ẹ lè bá mi wo bí yóò ṣe jókòó sí i nídìí.